Sìmẹ́ńtì Ibojì Bàbá Mi Wà Nínú Ògiri Náà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bí ìkórè ìjọ wa bá ti kọjá báyìí, wọ́n fẹ́ lu ògiri kan ní ìlú wa, lẹ́bàá Òkè-Onígbìn, ohun tí mo sì fi pamọ́ sínú ògiri náà yóò jáde síta. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú ni ẹni tí mo ṣẹ̀. Kò mọ̀. Ó rò pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Mákanjúọlá ni orúkọ rẹ̀. Mákanjú ni gbogbo wa ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ní yunifásítì, ọmọ Agbamu. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gùn láàárín Agbamu àti Òmù-Àrán. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ń sọ pé ó fi ilé pa ìyá rẹ̀. Òun náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ ní sùúrù fún mi bí ọ̀rọ̀ mi bá ń já. Mo mọ bí a ṣe ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀, mi ò mọ bí a ṣe ń jẹ́wọ́.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni mo kàwé. Ìjọba ló rán mi lọ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n kí ìjọba tó rí mi, bàbá mi ti fi kòkó àti iṣu rẹ̀ tì mí dé ibi tí wọ́n ti lè rí mi. Ohun tí mo lọ kọ́ ni bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ilé kíkọ́: bí a ṣe ń pín àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, bí ohun èlò á ṣe dé lásìkò, bí iṣẹ́ kan ò ṣe ní í dí èkejì lọ́wọ́. Iṣẹ́ gidi ni nígbà náà. Sìmẹ́ńtì ń gba ojú òkun wọlé, irin ń bọ̀, páànù ń bọ̀, àwọn òyìnbó agbaṣẹ́ṣe sì ń wá ẹni tó lè mú kí iṣẹ́ yá. Kí iṣẹ́ ṣáà ti yá, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, ohun tí mo sì padà wá fi kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Orúkọ ọmọ yìí gan-an ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn ìbéèrè, mo máa ní, "Mákanjú, ẹni tó sọ ẹ́ lórúkọ yìí ò mọ iṣẹ́ tó o máa ṣe. Ní kíláàsì tèmi, à ń kánjú o!" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á forí balẹ̀. Ọmọ tó gbọ́n ni, ó sì fẹ́ràn mi. Háà, ọmọ yẹn fẹ́ràn mi.

Nígbà tó yá, owó tán nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láàárín yín ò ní í gbàgbé. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kó ẹrù wọn, wọ́n lọ, wọ́n fi ilé sílẹ̀ láìkan òrùlé. Bí ènìyàn bá rí sìmẹ́ńtì rà, á máa sọ ọ́ kiri bí ẹni tó rí iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí a kọ́ jáde ń jókòó sílé àwọn òbí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Sà, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ẹ kọ́ wa bí a ó ṣe máa darí wọn, níbo ni wọ́n wà?" Kò bú mi o, ìbéèrè ló bi mí.

Èmi ni mo dìde ní ìpàdé àwa olùkọ́. Mo ní ìlànà ẹ̀kọ́ wa ti gbó. Mo ní iṣẹ́ tó wà níta ti yí padà, àwa ò sì yí. Mo ní kí á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń fi amọ̀ pupa ilẹ̀ wa ṣe búlọ́ọ̀kù, kí á máa fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré fún un pọ̀, kí á fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo bínú, mo gbá tábìlì. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà, títí dòní mo gbà pé òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé orí òótọ́ ni mo lọ gbé irọ́ mi lé.

Àwọn ọ̀gá ò kọ̀ fún mi. Wọ́n kàn ní kí n kọ́ ọ̀kan kí àwọn fojú rí i. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni kí a kọ́ ọ láàárín ìsinmi gígùn. Bó bá dúró, tó sì parí kí yunifásítì tó wọlé, àwọn á gba ẹ̀kọ́ tuntun náà. Bí kò bá parí, kí n lọ jókòó. Mo ní ìlú wa ni mo máa kọ́ ọ sí, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ń fẹ́ yàrá ìkàwé.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀sín ni mò ń fà bá ìyá mi. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ilé amọ̀ ni ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò rọ́wọ́ mú. Bí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó bá wálé ṣe ayẹyẹ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni ilé ta ni wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ilé ta ni kò tíì rí i ṣe. Wọ́n wá rí èmi tí mo lọ òkè òkun, mo wà nínú amọ̀ dé orúnkún. Wọ́n sọ mí ní Ọ̀mọ̀wé Alámọ̀. Obìnrin kan dá ìyá mi dúró lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ìyá Àrẹ̀mú, ìdí amọ̀ tí ẹ ti rán an kúrò náà ló tún padà sí yìí?"

Nígbà tí ìyá mi délé, ó pè mí, ó fi oúnjẹ mi síwájú mi. Ó ní, "Àrẹ̀mú, mi ò ní kó o má ṣe é. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kó wó o."

Mo ṣe àtẹ iṣẹ́ náà, ìwé tó ń sọ iṣẹ́ tí a ó ṣe lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é fún iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Mo yí ohun èlò padà, mi ò yí àsìkò padà. Amọ̀ ń fẹ́ ìsinmi. Ó yẹ kí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú ibòji kí a tó tò ó. Bí a bá tò ó dé ibì kan, ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ kó sinmi kí a tó gun òkè rẹ̀. Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ èyí, èmi náà mọ̀ ọ́n, inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìsinmi sórí àtẹ, iṣẹ́ ò ní í parí lásìkò, ẹ̀kọ́ tuntun á sì kú. Nítorí náà mo ń lé wọn. "Ẹ yá, ẹ yá, ẹ má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ o!" Mákanjú ló ń ṣáájú wọn nínú iṣẹ́ náà, kì í jókòó.

Ògiri dé orí fèrèsé, ó sán. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo rí i. Ó là láti igun ilé wá sí ìdí fèrèsé, ìka mi wọ inú rẹ̀. Mo yí lọ sí igun kejì, òmíràn wà níbẹ̀. Mo sáré fi amọ̀ tútù dí i kí àwọn ọmọ tó dé.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ní a ò ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo fi ọkọ̀ yunifásítì kó wọn lọ sí Ẹ̀siẹ́, pé kí wọ́n lọ wo àwọn ògiri àtijọ́, kí wọ́n yà wo àwọn ère òkúta, kí wọ́n sùn síbẹ̀ dọjọ́ Ajé. Inú wọn dùn. Mákanjú nìkan ló dúró. Ó ní, "Sà, ẹ ò ní í bá wa lọ ni?" Mo ní ara mi ò yá. Ó ní òun á dúró tì mí, òun á máa gbé omi kaná fún mi. Mo pariwo lé e lórí pé kó wọ ọkọ̀.

Ìyá mi ò sí nílé, ó ti lọ sí ìlú Bàbáńlá lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Sìmẹ́ńtì bàbá mi wà nínú yàrá ìyá mi, lórí pákó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, amọ̀ lásán la ṣì kó lé e lórí ní itẹ́ òkú ìjọ, lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwa ọmọ ti fohùn ṣọ̀kan pé a máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibojì rẹ̀, a máa kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí àwọn ará Èkó tó wálé fún ìrántí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ń rán sìmẹ́ńtì náà wálé díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe rí i. Ìyá mi ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ adìẹ tó sàba. Láràárọ̀ ló ń fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ wò bóyá ó ṣì rọ̀.

Mo kó o. Èmi àti Bùràímọ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà. Irin wà lójú ọ̀nà Òmù-Àrán níbi tí àwọn agbaṣẹ́ṣe pa á tì sí, a lọ kó ìyẹn náà. A gé igun ògiri náà, a gbé irin dúró sí i, a da sìmẹ́ńtì àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Gbogbo igun ilé náà la ṣe bẹ́ẹ̀ sí, a sì tẹ́ irin sórí àwọn fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá, mo ní à ń tún amọ̀ ṣe. Wọ́n ti fi amọ̀ mi ṣẹ̀sín tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó yà wò ó. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ń fi amọ̀ bo sìmẹ́ńtì náà, à ń gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì. Orin tí bàbá mi fẹ́ràn wà nínú rẹ̀.

A rẹ́ ẹ dán. Bùràímọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ju àwa méjèèjì lọ, àti Bàbá tó wà nísàlẹ̀." Bùràímọ̀ ti kú báyìí. Ó ku èmi àti Bàbá.

Nígbà tí ìyá mi dé, mo sọ fún un pé sìmẹ́ńtì ti di òkúta. Mo ní mo ti kó o dànù kí ó má baà bà á nínú jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra sìmẹ́ńtì pamọ́ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe bí ọ̀rinrin bá mú un. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ó rọ̀." Ó wo orí pákó tó ṣófo. Ó ní, "Bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gbé e sún mọ́ ògiri jù." Ẹ jọ̀ọ́, mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ilé ìkàwé náà parí lásìkò. Àwọn ọ̀gá yunifásítì wá, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n ń fọwọ́ gbá ògiri, wọ́n ń pariwo pé, "Amọ̀ lásán rèé!" Àwọn tó ń pè mí ní Alámọ̀ wá ń kí ìyá mi kú oríire. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ tuntun wọlé. Kò pẹ́ sí i, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka.

Ìyá Mákanjú wá láti Agbamu lọ́jọ́ tí a ṣí ilé náà. Obìnrin kúkúrú ni, àgbẹ̀ ni, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà. Ó ní, "Mákanjú, ṣé amọ̀ ló dán tó báyìí? Irú èyí ni kó o kọ́ fún mi o. Mi ò fẹ́ ilé sìmẹ́ńtì tí í móoru." Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ṣé ọmọ mi lè kọ́ irú rẹ̀ lóòótọ́?"

Ọmọ rẹ̀ ń wò mí lójú. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ǹ bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ǹ bá sọ pé, "Mákanjú, òpó wà nínú rẹ̀ o." Gbólóhùn kan péré. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Màmá, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Á kọ́ ọ fún yín." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí mi. Ó ṣàdúrà fún mi pé orí mi ò ní í burú láéláé.

Oṣù Kejìlá dé, àwọn ará Èkó dé, amọ̀ ni wọ́n bá lórí bàbá mi. Ìyá mi ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó ń tọrọ àforíjì pé òun ló ba sìmẹ́ńtì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà bínú sí i, kò bá a jẹun. Èmi ni mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ẹ ò rí ayé mi, èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún un!

Mákanjú jáde ní yunifásítì, kò ríṣẹ́. Ó padà sílé, ó ń dáko pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń fi díẹ̀ pamọ́. Nígbà tó yá, ó wá yá ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí a fi ń fún amọ̀ ní ẹ̀ka wa. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló fún búlọ́ọ̀kù, òun ló tò ó. Àtẹ mi ló tẹ̀ lé. Kò fún amọ̀ ní ìsinmi, nítorí èmi ò kọ́ ọ pé kó fún un. Kò ṣe òpó sí igun, nítorí ohun tó rí ní ìlú wa ni ilé tí kò ní òpó. Nígbà tó parí, ó wá pè mí sí ìṣílé. Mo ní mo ní ìpàdé.

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìpàdé kankan. Ẹ̀rù ló bà mí láti wọ abẹ́ òrùlé náà. Mo mọ̀. Kí n má parọ́ fún yín mọ́, mo mọ̀. Mo ń tan ara mi pé bóyá amọ̀ Agbamu le ju tiwa lọ.

Òjò ọdún kejì ló wó o. Ọ̀sán ni, òjò alátẹ́gùn. Ìyá rẹ̀ sá ẹ̀gúsí síta, ó sáré kó o, ó wọlé. Igun ilé ya, ògiri wó sínú ilé, páànù tẹ̀ lé e. Mákanjú wà lóko. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ọwọ́ ló fi ń wa amọ̀ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo ọkọ́, kí ọkọ́ má baà kan ìyá òun.

Mo lọ síbi ìsìnkú náà. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Sà, ẹ forí jì mí. Mo ba orúkọ yín jẹ́. Ẹ̀kọ́ yín dára, ọwọ́ mi ni ò dára." Gbogbo èrò ń wò wá. Mo fà á dìde, mo ní, "Ó ti tó." Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ nìyẹn.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Mo fi ìsinmi amọ̀ sórí àtẹ. Mo fi òpó sí igun ilé. Mo ní ìwádìí tuntun ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò tíì gbọ́ pé ilé ọmọ wa kan wó, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú wọn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé kí ló fa àyípadà náà, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó kánjú, tí kò ṣe ohun tí a kọ́ ọ. Ọdọọdún ni mo ń tún un sọ. Mi ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Mo fi ikú ìyá ọmọ ọlọ́mọ ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì, lẹ́yìn náà mo lọ jẹun ọ̀sán.

Mákanjú ò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù mọ́. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ kọ̀ ọ́. Ìyá ọmọbìnrin náà ní ọmọ òun ò ní í sùn sábẹ́ òrùlé ẹni tó fi ilé sin ìyá rẹ̀. Yàrá àyágbé ló ń gbé ní Òmù-Àrán. Bí mo bá wọ ọ̀kadà rẹ̀, kì í gbowó lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fi tipá fi owó sí i lápò, á fi rán ọmọ sí mi padà. Á ní, "Sọ fún Ọ̀gá pé gbèsè tí mo jẹ wọ́n ju èyí lọ." Yéè! Ẹ gbà mí o.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo jókòó tì í. Ó ní, "Àrẹ̀mú, wọ́n máa sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ. Ojú á tì mí. Bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí sìmẹ́ńtì yẹn." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo lanu, ó kù díẹ̀ kó jáde. Àbúrò mi obìnrin gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, mo pa ẹnu mi dé. Mo ní tó bá di ọ̀la. Kó tó di ọ̀la, ìyá mi ti lọ. Ó lọ bẹ bàbá mi nítorí ohun tí kò ṣe.

Èmi náà ti fẹ́yìn tì báyìí, mo ti padà sílé. Ìjọ fẹ́ mú ilé ẹ̀kọ́ náà gbòòrò. Wọ́n ní wọ́n máa lu ògiri yàrá ìkàwé náà láti so ó pọ̀ mọ́ tuntun, igun kan sì máa lọ. Mo gbìyànjú láti dá wọn dúró. Mo ní ohun ìrántí ni. Pásítọ̀ ní, "Bàbá, ṣebí amọ̀ ni. A óò tún un rẹ́." Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Tèmi ti fẹ́ lanu, ẹ̀yin ará.

Mákanjú ló gbé mi padà láti Òmù-Àrán lọ́jọ́ tó gbọ́. Bí a ṣe ń lọ, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti iwájú. "Sà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí n wá lù ú. Mi ò ní í gba kọ́bọ̀. Mo fẹ́ rí bí tiyín ṣe rí nínú, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú ni mo ti ń rò ó, mi ò mọ̀ ọ́n." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, kò rí ojú mi. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ń sunkún, atẹ́gùn ń fẹ́ omijé mi gbẹ.

Àwọn kan nínú yín á ní, jẹ́ kí ògiri fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní kí n sá lọ bá àwọn ọmọ mi l'Ékòó. Mo ti ro ìyẹn náà, mo tilẹ̀ ti di báàgì. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù kó lù mí. Bó bá lù mí, á dùn mọ́ mi. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé á wo irin yẹn, á wò mí, á sì tún wá àlàyé tí á fi dá mi láre. Á ní òun ló yẹ kí òun ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe. Mi ò lè fara dà á lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárọ̀ yìí ló yà lọ́dọ̀ mi. Ó gbé iṣu wá fún mi. Mo rí dígà tó so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Sà, Pásítọ̀ ti gbà fún mi, mo ti pọ́n ọn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìkórè, mo máa wá gbé yín. Ẹ̀yin lẹ máa fi ibi tí mo máa kọ́kọ́ lù hàn mí." Mo ní ó dára. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ìkórè tó kọjá. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Mo mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ lù. Igun tó kọjú sí ibojì bàbá mi ni. Kí ni kí n sọ fún Mákanjú kó tó gbé dígà sókè?